Mànàmáná àti Fóònù Tí Wọ́n Ní Kì í Lọ́ra

Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí fóònù náà ti dé ni Mànàmáná ò ti jókòó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú kan. Á jókòó, á dìde. Á ṣí fèrèsé, á tún un tì. Á bu omi sí ife, á gbàgbé láti mu ún. Ó ń ṣe bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀, tí kò sì lè bọ́ ọ níwájú èèyàn.

Mànàmáná kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn ọmọ géèmù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ń na àwọn tó jù ú lọ bí ẹni na bẹ̀ǹbẹ́ nínú ìdíje, tí àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ń fò lójú fóònù bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí. Ó ti níyàwó, ó ti bí ọmọbìnrin méjì, irun iwájú orí rẹ̀ sì ti ń sá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó rí ọlọ́pàá. Síbẹ̀ orúkọ náà ò kúrò lára rẹ̀, torí pé òun ló fi ń jẹun. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwé ìròyìn tí àwọn èèyàn ń kà kí wọ́n má baà fi ojú dídì ra fóònù. Ẹlòmíì ló ń yẹ kámẹ́rà wò. Tí wọ́n bá ti ṣe fóònù torí àwọn tó ń gbá géèmù, ọwọ́ Mànàmáná ni wọ́n ń gbé e lé. Tó bá ní ó yá, ó yá nìyẹn. Tó bá ní kò yá, kò sí àwíjàre mọ́.

Òkè kẹta ni ilé iṣẹ́ wọn wà, lórí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, tó jẹ́ pé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kò sẹ́ni tó lè fọkàn sí iṣẹ́ nítorí òórùn dídùn. Yàrá ìdánwò ò tóbi: tábìlì gígùn kan, fèrèsé kan, àwọn àga mẹ́rin, àti kámẹ́rà kan lórí ẹsẹ̀ irin, tó máa ń ya ẹgbẹ̀rún àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kámẹ́rà yẹn ni wọ́n fi ń mọ iye àkókò tó ń kọjá láàárín ìgbà tí ìka kan ojú fóònù àti ìgbà tí fóònù dáhùn. Wọ́n á pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì sọ lórúkọ èérún, bí èérún búrẹ́dì.

Ọmọbìnrin tó ni kámẹ́rà náà ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ìwọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, kò tíì bímọ kankan. Ohun tó sọ ọ́ di ìyá ni pé kò sí nǹkan tí kì í wọ̀n. Ó ń wọn ooru, ó ń wọn ìwúwo, ó ń wọn iye wákàtí tí bátìrì ń lò. Wọ́n tiẹ̀ ní ó gbé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lé ìwọ̀n kó tó jẹ́ hẹn fún un. Òun ló ya páálí fóònù náà, tó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, tó sì figbe ta.

“Adúmáadán! Ẹ wò ó, bọ̀dá, ó ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para!”

Bí fóònù ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ó dúdú lóòótọ́, ó sì dán. Iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́tìnnì méjì wà léjìká rẹ̀ fún ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, fáànù kékeré kan sì wà nínú páálí tí èèyàn lè so mọ́ ọn lẹ́yìn bó bá wù ú. Ìwé tí àwọn tó ṣe é fi ránṣẹ́ pọ́n ọn lé bí ìyàwó tuntun: kì í gbóná, kì í lọ́ra, kì í rẹ̀ ẹ́.

Màdáámù, ẹni tó ni ìwé ìròyìn náà, yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún ni, kì í wọlé tán tó bá ń sọ̀rọ̀, àfi kó fi èjìká kan ti ilẹ̀kùn.

“Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbé ìdájọ́ rẹ̀ jáde,” ló wí. “Àwọn èèyàn ti ń da ìbéèrè bò wá. Mànàmáná, ojú rẹ là ń wò o.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, mà,” ni Mànàmáná dáhùn. Ó gbé fóònù náà, ó sì jókòó.

Nínú géèmù tó fi ń dán fóònù wò, èèyàn máa ń sáré la ilé àwókù kan kọjá. Igun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn tí ọ̀tá ti máa ń fò yọ. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti yìnbọn. Mànàmáná ti kọjá igun yẹn ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Ó lè máa kọjá ibẹ̀ kó máa bá èèyàn tàkúrọ̀sọ nípa owó ilé ìwé ọmọ. Lọ́jọ́ náà, ọ̀tá fò yọ, Mànàmáná tẹ bọ́tìnnì, ó sì kú.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dé igun yẹn, ó kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Fóònù yìí lọ́ra,” ló wí.

Ìyá Ìwọ̀n gbé kámẹ́rà sójú rẹ̀, ó fi ìka onírọ́bà tí wọ́n so mọ́ irin tẹ ojú fóònù ní ogún ìgbà, ó ka àwòrán, ó sì mi orí.

“Èérún mọ́kànlélógójì ni, bọ̀dá. A ò tíì rí èyí tó yá tó báyìí láti ọdún tó kọjá.”

“Tún un wọ̀n.”

Ó tún un wọ̀n. Mọ́kànlélógójì náà ni. Ó ní, “Kámẹ́rà ò mọ̀ mí rí, bọ̀dá, kò sì mọ fóònù. Kò ní bá ẹnikẹ́ni purọ́.”

Ibẹ̀ ni àìsinmi Mànàmáná ti bẹ̀rẹ̀. Ó dìde lórí àga, ó jáde sí fàráńdà, ó wo àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ìyẹ̀fun wọlé nísàlẹ̀, ó padà wọlé. Ó gbá géèmù náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án.

Àyà rẹ̀ mọ ohun kan tí ẹnu rẹ̀ ò tíì gbà láti sọ. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó jẹ́ pé bó bá jí láàárọ̀, àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ máa ń le gan-an bí ìdè ilẹ̀kùn tó dógùn-ún. Á tẹ̀ ẹ́ bọ omi gbígbóná, á ní òtútù ni. Bó bá ká a kò, á dún kàkà kó tó nà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni òǹkọ̀wé máa sọ fún pé ojú ń dun òun?

Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ránṣọ, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ kìkì òwú àti àjákù aṣọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń so bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó so ó, ó bọ́. Ó so ó, ó bọ́.

“Ẹ gbé ọwọ́ yín wá,” ni obìnrin náà wí.

“Ihò bọ́tìnnì yìí ló kéré jù.”

“Èmi ni mo gé ihò bọ́tìnnì yẹn. Ọdún kẹta rèé tó ti ń gba bọ́tìnnì, kò dàgbà, kò kéré.” Ó so ó fún un. Kò tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀. “Kí ló ń ṣe yín? Láti àná lẹ ti ń rìn kiri ilé bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin tí kò ríbi yé e sí.”

“Iṣẹ́ ni.”

“Iṣẹ́ kọ́ ló ń bẹ lójú yín un.”

Mànàmáná mú àpò, ó jáde.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun ọ̀sán, Mànàmáná ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Fóònù ọdún tó kọjá wà níbẹ̀, èyí tó fi gba àmì tó ga jù tí ẹnikẹ́ni gbà rí nílé iṣẹ́ náà. Ó mọ fóònù yẹn bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Bí òun bá la igun yẹn kọjá pẹ̀lú èyí, á jẹ́ pé Adúmáadán ló jẹ̀bi. Ó tàn án. Ó sáré wọ ilé àwókù náà, ó dé ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

Ó kú. Ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́fà tẹ̀léra.

Ó rọra dá fóònù náà padà, ó ti dúrọ́ọ̀, ó sì lọ dúró sójú fèrèsé. Ọdún mọ́kànlá, tí ó ń dá fóònù lẹ́jọ́ bí adájọ́. Ta ló wá lọ́ra báyìí?

Ẹ ò rí i, ọmọ èèyàn le. Ẹni tó mọ òtítọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú, irọ́ ló kọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì kọ ọ́ pé Adúmáadán lẹ́wà, ó lágbára, ojú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ géèmù í gbá. Ó ní ẹ̀rọ lè máà rí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á mọ̀ ọ́n. Ìyá Ìwọ̀n kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀.

“Bọ̀dá, mọ́kànlélógójì ni mo wọ̀n.”

“Mo ti gbọ́.”

“Ẹ fẹ́ ká kọ ohun tá ò rí?”

“Èmi rí i,” ni Mànàmáná wí. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Màdáámù. Màdáámù ka ìwé Ìyá Ìwọ̀n, ó ka ti Mànàmáná, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Ìwọ̀n, mi ò ní o purọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin yìí la fi ń jẹ orúkọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹ̀rọ ò rí nǹkan tí òun sì rí i. Bó bá ní ó lọ́ra, a máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ẹni tí wọ́n dá láre á máa yọ̀. Mànàmáná jáde ní ọ́fíìsì Màdáámù bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Ìgbàgbọ́ tí obìnrin náà ní nínú rẹ̀ wúwo ju èébú lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò lè jẹun. Ó rìn láti ibi iṣẹ́ dé ilé, ìrìn wákàtí kan, torí pé kò lè jókòó nínú ọkọ̀. Nígbà tó délé, ó tún jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi Adúmáadán sínú àpò, ó lọ kí ìyá rẹ̀.

Akọ̀wé tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ni ìyá náà jẹ́ nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ńlá kan, tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Ìyá Táípù di òní olónìí. Ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rin ọdún. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé, ó mọ́ tónítóní, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan ní ojú fèrèsé, àga onítìmùtìmù méjì. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́ bí ẹ̀ka igi àtijọ́.

“Ọkọ mi, jókòó,” ló wí.

Mànàmáná jókòó, ó dìde. Ó jókòó. Kó lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, ó mú Adúmáadán jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá géèmù bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ó ń kú, ó ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń kú, ó ń bẹ̀rẹ̀. Ó tó bíi wákàtí kan bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, kò sọ nǹkan kan, ọwọ́ ni ó ń wò.

“Láti ìgbà wo ni àtàǹpàkò yẹn ti ń dùn ọ́?” ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

Mànàmáná fẹ́ sọ pé òtútù ni. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń fi òtútù tàn jẹ. Ó tú gbogbo rẹ̀ jáde: bí àtàǹpàkò ṣe ń dún, igun ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, fóònù inú dúrọ́ọ̀, ìwé tó kọ.

Ìyá náà na ìka òrùka ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú.

“Èyí ló kọ́kọ́ já mi kulẹ̀,” ló wí. “Mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ orúkọ ọkùnrin kan mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ wọn lọ síbi tó jìnnà. Kò sí nínú wọn, orúkọ rẹ̀ jọ ti ẹlòmíì ni, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo ṣì. Ọkùnrin náà ti kó ẹrù kí wọ́n tó rí àṣìṣe náà. Ọ̀gá pè mí. Mo ní ẹ̀rọ ló ń há.”

“Ẹ̀rọ ò há?”

“Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ bí omi tó ń ṣàn. Ọkùnrin kan wà tó máa ń tún àwọn ẹ̀rọ wa ṣe, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ èèyàn, tó máa ń gbé báàgì kékeré kan tí òróró àti búrọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kò tún un ṣe dáadáa, wọ́n lé e. Ó wá dágbére fún mi. Ó ní, ‘Ẹ máà bínú, mà, mo rò pé mo ti tún un ṣe.’ Ọkọ mi, ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ń bẹ̀ mí.” Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan. “Mo lo ọdún márùn-ún sí i níbẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀.”

Mànàmáná ti mọ ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò gbọ́ èyí rí.

“Gbé nǹkan náà wá kí n rí i,” ni ìyá wí, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́kàn kúrò níbẹ̀. Ó gbà á, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. “Yéè! Irin ìlọṣọ ni wọ́n fi ń gbá géèmù láyé òde òní?”

“Ó gbóná díẹ̀ ni, mà.”

“Díẹ̀ kẹ̀? Ṣí ibi tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà fún mi.”

Ó ṣí i fún un. Ìyá náà gbé fóònù lé tábìlì, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ní ìrọ̀rùn, bí àgbàlagbà. Ó tẹ ìlà kan. Ó dúró. Ó tẹ ìlà kejì. Ó gbójú sókè.

“Àwọn lẹ́tà yìí ń tẹ̀lé ọwọ́ mi bí ọmọ tí wọ́n ń wọ́ lọ sílé ìwé.”

“Ẹ ní kí ni?”

“Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé ìka kúrò, kó tó wá jáde. Pàápàá lápá ọ̀tún níbí. Wò ó.”

Mànàmáná tẹ̀ síwájú. Ìka ìyá rẹ̀ kan ojú fóònù, ó kúrò, lẹ́tà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ. Ó tún tẹ òmíràn, bákan náà ni. Kì í ṣe ọwọ́ tó yára ló ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ìyá arúgbó ni, ọwọ́ tó lọ́ra ju tirẹ̀ lọ fíìfíì, síbẹ̀ fóònù ò bá a. Orí Mànàmáná wú. Ó rántí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni Ìyá Ìwọ̀n fi máa ń wọn fóònù, nígbà tó ṣì tutù, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n rí lẹ́yìn wákàtí kan.

Á jẹ́ pé òun jẹ̀bi, fóònù náà sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ fóònù kọ́ ni òun kọ sílẹ̀. Ti ara òun lòun kọ, tóun fi orúkọ fóònù bò.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, kò rí ara gbé kalẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ò pariwo. Ó gbá àtàǹpàkò náà mú, ó ká a, ó gbọ́ bó ṣe dún, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ sọ fún wọn lọ́la. Tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò ní tán.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí Màdáámù tó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, Mànàmáná ti dúró láàárín yàrá ìdánwò.

“Mo purọ́,” ló wí. “Ìgbà tí mo ní fóònù yìí lọ́ra lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọwọ́ mi ló lọ́ra. Mo gbá a pẹ̀lú ti ọdún tó kọjá, mo kú níbẹ̀ náà. Ó ti ń tó oṣù mẹ́rin tí àtàǹpàkò mi ti ń ṣe mí. Ìyá Ìwọ̀n ló tọ̀nà.”

Ẹnu ọ̀nà ni Màdáámù sábà máa ń dúró. Lọ́jọ́ náà, ó wọlé tán, ó sì jókòó.

“Ṣùgbọ́n ó kù kan,” ni Mànàmáná tún wí. “Fóònù náà máa ń lọ́ra bó bá gbóná, lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan. Ìyá mi ló rí i.”

“Ìyá rẹ!” Màdáámù na ọwọ́ méjèèjì sókè. “O wá sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ ò dára mọ́, o tún ní kí n gba ọ̀rọ̀ kejì gbọ́ lẹ́nu rẹ, ọ̀rọ̀ tí màmá rẹ rí ní pálọ̀! Mànàmáná, ṣé o fẹ́ kí àwọn èèyàn fi wá ṣẹ̀sín ni?”

“Ẹ má gbà mí gbọ́, mà. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n.”

Ìyá Ìwọ̀n ti ń gbé kámẹ́rà kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n gbá géèmù náà lórí Adúmáadán láìsí fáànù lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ìwọ̀n ló ń gbá a fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò mọ géèmù rárá, tó ń kọ lu ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, wọ́n á dúró, ìka onírọ́bà á tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà á yà á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá: mọ́kànlélógójì. Ogún: mọ́kànlélógójì. Ọgbọ̀n: mẹ́tàlélógójì. Màdáámù wo aago. Mànàmáná ń rìn láti fèrèsé dé ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn dé fèrèsé.

“Bí o ò bá jókòó, èmi náà á dìde,” ni Màdáámù wí. Mànàmáná ò jókòó.

Ogójì ìṣẹ́jú: mẹ́rìnlélógójì. Màdáámù dìde lóòótọ́, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Mànàmáná bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Àárín ìgbà yẹn ló gùn jù láyé rẹ̀. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ojú ìyá arúgbó ló ṣe bàìbàì ńkọ́?

Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní àádọ́ta ìṣẹ́jú, Ìyá Ìwọ̀n ka àwòrán, ó fi ìka nu ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni tó rò pé eruku ló wà níbẹ̀, ó tún un kà.

“Àádọ́fà,” ló wí.

“Mélòó?” ni Màdáámù wí.

“Àádọ́fà èérún, mà. Lápá ọ̀tún. Apá òsì ṣì wà ní márùndínláàádọ́ta.”

Wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n tún un ṣe. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gba òmíràn lọ́wọ́ oníṣọ̀ọ́bù kan, wọ́n tún fi ìyẹn ṣe. Bákan náà ló rí, àfi pé ti èkejì pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá so fáànù mọ́ ọn, kì í ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n fáànù náà máa ń jẹ bátìrì bí èṣú ń jẹ oko, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ò sì sọ pé dandan ni fáànù.

Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yin ohun tó yẹ kí wọ́n yìn, torí pé fóònù náà dára lọ́nà tó pọ̀: ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere nínú oòrùn, ohùn rẹ̀ ò há bí èèyàn bá tiẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò rẹ̀, bọ́tìnnì èjìká rẹ̀ sì dùn ún tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ti ooru, pẹ̀lú iye èérún. Màdáámù fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ Mànàmáná sábẹ́ rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Mànàmáná kọ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìlà kan kún un pé ẹ̀rọ ló ṣe ìdájọ́ yìí, pé ọwọ́ tí àwọn òǹkàwé ti ń gbẹ́kẹ̀ lé láti ọdún mọ́kànlá wá kò yá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

“O mọ̀ pé wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́,” ni Màdáámù wí.

“Mo mọ̀, mà.”

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́. Kí ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, ẹnì kan ti kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé Mànàmáná ti di àtùpà, ẹlòmíì fèsì pé epo àtùpà náà ti tán. Ó kà á títí ọkàn rẹ̀ fi gbọgbẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣe Adúmáadán kọ ìwé ìbínú pé ibi tí wọ́n ti dán an wò ló gbóná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo fóònù náà láìsọ ohun tí wọ́n tún ṣe. Ìyá Ìwọ̀n tún un wọ̀n: àádọ́rin. Ó ní ó sàn, kò tíì dára.

Dókítà yẹ àtàǹpàkò náà wò, ó ní iṣan inú rẹ̀ ló wú, torí ohun kan náà tó ti ń ṣe láti kékeré. Ó ní á rọlẹ̀ bó bá sinmi, bọ́tìnnì ẹ̀wù ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ti kó tún máa fò bíi ti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kó gbàgbé ìyẹn. Mànàmáná dúpẹ́, ó bọ́ síta, ó sì rìn yí ilé ìwòsàn náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó lè wọkọ̀.

Màdáámù ò lé e. Ó gba ọmọbìnrin kan tó ti borí nínú ìdíje mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fúùfù, síṣẹ́ pé kó máa gbá géèmù. Iṣẹ́ Mànàmáná wá di pé kó máa ronú ohun tí wọ́n á bèèrè lọ́wọ́ fóònù: bó bá gbóná ńkọ́, bí bátìrì bá kù díẹ̀ ńkọ́, bí ọwọ́ ẹni tó ń gbá a bá ń làágùn ńkọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń bèèrè ni Ìyá Ìwọ̀n kò rò kàn rí, inú rẹ̀ sì ń dùn, torí pé ó túbọ̀ rí nǹkan wọ̀n.

Ẹ má rò pé ara rẹ̀ wá balẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí fóònù mìíràn dé, Ẹ̀fúùfù jókòó sídìí tábìlì, àtàǹpàkò rẹ̀ ń fò. Mànàmáná dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá yà sọ́tùn-ún, èjìká Mànàmáná á yà sọ́tùn-ún.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ni Ẹ̀fúùfù wí láìgbójú sókè. “Ẹ ń mí sí mi lọ́rùn.”

Ó lọ sí fàráńdà. Ó wo ìsàlẹ̀. Ó padà wọlé.

“Ó ti pé ogójì ìṣẹ́jú?”

“Ó ku mẹ́ta,” ni Ìyá Ìwọ̀n wí.

Mànàmáná fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga náà, ó sì wà lóòró, kò jókòó.